Ọmọ Wa Tó Wà Ní Ìlú Òyìnbó: Ǹjẹ́ A Ti Bi Í Bó Ṣe Ń Sùn?

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kan púpọ̀ nínú wa, nítorí pé ṣàṣà ni agbo ilé tí kò ní ọmọ kan, àbúrò kan tàbí ọkọ kan ní òkè òkun, tàbí tí kò ní ẹni tí ó ń palẹ̀ mọ́ láti lọ.

Ìlú Lọ́kọ́ja ni mo ń gbé, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gírámà ní ìmọ̀ ẹ̀sìn Ìsìláámù láti ọdún mẹ́rìnlá sẹ́yìn. Ẹni tí ó bá ń gbé Lọ́kọ́ja kò lè ṣàì mọ ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò. Ibí ni odò Ọya àti odò Bẹ́núè ti pàdé ara wọn. Ibí ni mọ́tò tí ó ti Ìbíní àti Òkènè bọ̀, tí ó ń lọ sí Àbújá àti Kánò, ń gbà kọjá. Ìlú náà fúnra rẹ̀, àjò ni ó kó o jọ. Ní nǹkan bí ọdún 1860 ni òyìnbó tí ń jẹ́ William Balfour Baikie tẹ ibùdó òwò dó síbí, tí àwọn ẹrú tí a dá sílẹ̀ sì wá ń gbé ibẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù January ọdún 1900, ibí ni Lugard ti kéde ìjọba Àríwá Nàìjíríà. Títí di òní, Ọ̀wọ̀rọ̀, Okun, Ebira, Igala, Nupe àti Hausa ni ó jọ ń rà, tí wọ́n sì jọ ń tà ní ọjà wa. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni yóò bá bú arìnrìn-àjò, kò yẹ kí ó jẹ́ ará Lọ́kọ́ja.

Ẹ̀sìn wa náà kò bú arìnrìn-àjò. Ẹ rántí àwọn Sàábé Ànọ́bì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, tí wọ́n fi Mọ́kà sílẹ̀ lọ sí ilẹ̀ Àbísíníà nígbà tí ìyà pọ̀ fún wọn. Ọba tí ó jẹ́ onígbàgbọ́ nígbà náà ni ó gbà wọ́n sílẹ̀. Ẹ sì rántí Abdur-Rahman ọmọ Awf, tí ó dé Mọ̀dínà láìní nǹkan kan lọ́wọ́. Sa'd ọmọ Rabi' ní kí ó wá mú ìdajì ọrọ̀ òun. Ó ṣàdúà fún un, ó ní kí wọ́n sáà júwe ọjà fún òun. Òwò wàrà gbígbẹ àti bọ́tà ni ó fi bẹ̀rẹ̀, kí Ọlọ́hun tó sọ ọ́ di ọlọ́rọ̀. Ìtàn méjèèjì yìí ni mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi nígbà tí wọ́n bá bi mí bóyá ó dára kí ènìyàn lọ sí ìlú òyìnbó. Ṣùgbọ́n mo máa ń fi ìbéèrè tèmi lé e: ta ni ó ń júwe ọjà fún ẹni tiwa tó lọ? Ta ni ó sì ń bi í bí ọjà náà ṣe rí?

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju èyí lọ. Ìyà tí àwọn ọmọ wa ń jẹ ní Yúróòpù pọ̀, ṣùgbọ́n apá kan wà nínú rẹ̀ tí kì í ṣe òyìnbó ni ó dá a sílẹ̀. Àwa ará ilé ni. A kò fún wọn láyè láti sọ òótọ́ fún wa.

Ọ̀nà méjì ni àwọn ènìyàn wa ń gbà lọ. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti aginjù, nítorí pé ẹnu ọ̀nà wa níbí ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbà kọjá. Láti Kánò, wọ́n ń wọ orílẹ̀-èdè Niger títí dé Agadez. Láti ibẹ̀, wọ́n ń la aginjù Sàhárà dé Sabha ní Líbíà, kí wọ́n tó dé etí òkun. Ní ọdún 2016, àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ó gba ojú òkun gúnlẹ̀ sí Ítálì ju 37,000 lọ. Kò sí orílẹ̀-èdè mìíràn tí tirẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lọ́dún náà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó wọ ọkọ̀ ni ó gúnlẹ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù October ọdún 2013, ọkọ̀ kan gbaná, ó sì dojú dé nítòsí erékùṣù Lampedusa. Ó ju 360 ènìyàn tí ó bá a lọ. Ní oṣù November ọdún 2017, òkú àwọn obìnrin 26 ni wọ́n gbé gúnlẹ̀ sí Salerno, ọmọ Nàìjíríà sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Láti ọdún 2014 tí àjọ IOM ti ń ka àwọn tí òkun Mẹditaréníà gbé, iye wọn ti ju 30,000 lọ.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí mo kọ́ gba ọ̀nà yìí ní ọdún 2016. Ilẹ̀ oko ni bàbá rẹ̀ tà láti fi rán an. Kò rí òkun kọjá. Ní Sabha, wọ́n tì í mọ́lé, wọ́n ń nà án, wọ́n sì ń gbé fóònù sí i lẹ́nu kí bàbá rẹ̀ lè máa gbọ́ igbe rẹ̀, kí ó sì fi owó ránṣẹ́. Ní ọdún 2018 ni ọkọ̀ òfurufú tí IOM ṣètò kó òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ padà sí Èkó. Ó dé Lọ́kọ́ja, kò sì yọjú síta fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí mo lọ kí i, kò sọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n, kò sọ̀rọ̀ nínà. Ohun tí ó ń tún sọ ṣáá ni pé, “Àfáà, mo ti jẹ ilẹ̀ bàbá mi tán.” Ojú tì í níwájú ará ilé ju bí ìyà Líbíà ṣe dùn ún lọ.

Ẹni tí ó bá sì rí òkun kọjá, ọ̀ràn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Etí òkun ni wọ́n ti máa ń gba àmì ìka rẹ̀. Lábẹ́ òfin Dublin tí wọ́n lò fún ọ̀pọ̀ ọdún, orílẹ̀-èdè tí ó kọ́kọ́ gba àmì ìka yẹn ni ó sábà máa ń gbé ẹjọ́ rẹ̀ yẹ̀ wò; bí ó bá lọ sí Jámánì tàbí ilẹ̀ Faransé lọ bá ará, wọ́n lè dá a padà sí Ítálì. Títí ẹjọ́ yóò fi parí, kò ní ìwé gidi lọ́wọ́. Ẹni tí kò bá sì ní ìwé, iṣẹ́ tí ẹlòmíràn kọ̀ ni yóò ṣe. Ní agbègbè Foggia ní gúúsù Ítálì, ọ̀pọ̀ ọmọ Áfíríkà ni ó ń já tòmáàtì nínú oòrùn. Àwọn mìíràn nínú wọn ń gbé inú àgọ́ onípáànù àti ọ̀rá ní Borgo Mezzanone, ẹni tí ó ń kó wọn lọ sí oko a sì máa yọ tirẹ̀ nínú owó iṣẹ́ wọn. Ní oṣù August ọdún 2018, láàárín ọjọ́ mẹ́ta péré, ènìyàn 16 nínú àwọn alágbàṣe oko yìí ni ó kú nínú ìjàǹbá mọ́tò méjì nígbà tí wọ́n ń ti oko bọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ wọn dé fìlà pupa tí wọ́n fi ń bo orí lóko, wọ́n sì wọ́de pé ènìyàn ni àwọn. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ará: ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan nílé máa retí owó lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ọ̀nà kejì ni ti ọkọ̀ òfurufú àti físà, èyí tí àwọn olùkọ́, nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ báńkì ń gbà, tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní jápa. Ọ̀nà yìí mọ́ ju ti aginjù lọ fíìfíì, síbẹ̀ ó ní ẹ̀gún tirẹ̀, nítorí pé òfin Ìlú Ọba ń yí padà kíákíá. Láti oṣù January ọdún 2024, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kò lè mú aya àti ọmọ dání mọ́, àyàfi àwọn tí ó lọ ṣe ìwádìí ìjìnlẹ̀. Láti oṣù March ọdún kan náà, wọ́n fi irú òfin bẹ́ẹ̀ de àwọn tí ó ń lọ tọ́jú arúgbó. Ní oṣù July ọdún 2025, wọ́n ti ilẹ̀kùn gbígba àwọn olùtọ́jú arúgbó tuntun láti òkè òkun. Akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀ nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá wọlé. Ẹni tí ó bá sì lọ fún iṣẹ́, orí ilé-iṣẹ́ tí ó gbà á ni físà rẹ̀ dúró lé. Bí ìjọba bá gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà, òṣìṣẹ́ tí kò mọwọ́ tí kò mẹsẹ̀ lè rí lẹ́tà gbà pé ọjọ́ 60 ni ó kù fún un láti rí ọ̀gá mìíràn, tàbí kí ó kúrò nílùú.

Mo mọ èyí dáadáa, nítorí pé ó dé ilé wa. Mo ní àbúrò kan, ọmọ ìyá mi, tí ó lọ sí ìlú kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 láti máa tọ́jú àwọn arúgbó. Ó ti gboyè nínú ìṣirò owó níbí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó rí ni pé kí ó máa wẹ̀ fún wọn, kí ó máa pààrọ̀ aṣọ ibùsùn, kí ó sì máa fún wọn lóògùn lásìkò. Kò ráhùn nípa iṣẹ́ náà. Ó ní bí òun bá ń fọ ẹsẹ̀ àwọn bàbá yẹn, bàbá wa tí ó ti kú ni òun máa ń rántí. Ohun tí ó ń dùn ún ni ìrìn láti ilé arúgbó kan dé òmíràn nínú òtútù, tí wọn kì í san owó wákàtí tí ó fi ń rìn.

Ní òpin oṣù April ọdún 2024, lẹ́tà ọlọ́jọ́ 60 náà dé. Ó ti kọjá agogo kan òru nígbà tí ó pè mí, ó ní kí n má ṣe sọ fún ìyá wa. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ẹbí ń ṣírò àgbò Iléyá tí yóò rà, páànù tí yóò fi bo ilé, àti owó ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ mẹ́ta tí kì í ṣe òun ni ó bí wọn. Wọ́n ń fi ohùn ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, wọ́n ń ṣàdúà fún un lọ rẹpẹtẹ. Òun náà ń dáhùn pé “Àmín”, pé “Yóò ṣeé ṣe.” Nígbà tí ó ń sọ bẹ́ẹ̀, orí ìjókòó ní pálọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ó ń sùn, búrẹ́dì àti ẹ̀wà inú agolo ni ó ń jẹ, ó sì ti kọ̀wé wá iṣẹ́ lọ sí ibi tí ó ju ogójì lọ.

Mo pa àṣírí rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n mo sọ fún un pé kí ó má fi ìyá wa wé ẹni tí kò lè gbọ́ òótọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó pè é fúnra rẹ̀. Mo jókòó ti ìyá wa lórí ẹní. Ẹja gbígbẹ ni ìyá wa ń tà lọ́jà, kò kàwé, kò sì mọ ohun tí ń jẹ́ ìwé àṣẹ ilé-iṣẹ́. Ó dákẹ́ títí ọmọ fi sọ tẹnu rẹ̀ tán. Ó wá ní: “Àgbò kọ́ ni mo bí, ìwọ ni mo bí. Kí ni o jẹ lónìí?” Mo gbọ́ ẹkún ọkùnrin tí ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún nínú fóònù. Lọ́dún yẹn, a kò pa àgbò nílé wa, kò sì sí ohun tí ó ṣe wá. Nígbà tí ó ku ọjọ́ mẹ́jọ kí ọjọ́ 60 náà pé, Ọlọ́hun ṣí ọ̀nà, ilé ìtọ́jú mìíràn sì gbà á. Ṣùgbọ́n ohun tí ó sọ fún mi ni pé alẹ́ ọjọ́ tí òun bá ìyá wa sọ̀rọ̀ ni òun ti padà ń rí oorun sùn, kì í ṣe ọjọ́ tí òun rí iṣẹ́.

Àwọn ìyá wa tún máa ń béèrè bóyá ọmọ ń kírun. Ó yẹ kí wọ́n béèrè, ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n mọ bí ọjọ́ ṣe rí níbẹ̀. Ní oṣù December ní Lọ́ńdọ̀nù, oòrùn kì í yọ títí di nǹkan bí agogo mẹ́jọ àárọ̀, yóò sì ti wọ̀ kí ó tó di agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ìrun Àìlà, Alásàrí àti Mọ̀gàríbì lè bọ́ sí àárín iṣẹ́ ọ̀sán kan ṣoṣo. Bí ó bá di oṣù June, ó di lẹ́yìn agogo mẹ́sàn-án alẹ́ kí oòrùn tó wọ̀. Síbẹ̀, wọn kò jókòó lásán. Ní Old Kent Road ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹgbẹ́ àwọn Mùsùlùmí ọmọ Nàìjíríà ra ilé tí wọ́n ti ń ta ọtí tẹ́lẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ di mọ́ṣáláṣí.

Ìnira yìí kì í ṣe tòní. Ní ọdún 1925 ni Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, WASU, sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Nítorí pé ọ̀pọ̀ onílé kì í fẹ́ gba aláwọ̀ dúdú, wọ́n ṣí ilé ibùgbé tiwọn ní ọdún 1933. Lẹ́yìn náà, láti nǹkan bí ọdún 1955, ọ̀pọ̀ tọkọtaya ará ilé wa tí ó ń kàwé lọ́sàn-án tí ó sì ń ṣiṣẹ́ lóru fi ọmọ wọn sọ́dọ̀ àwọn òyìnbó tí wọ́n ń sanwó fún lọ́sẹ̀. Inú ìwé ìròyìn Nursery World ni wọ́n ti máa ń polówó wá alágbàtọ́. Àwọn òbí náà padà wálé pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí, ìlú sì yọ̀ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n nínú àwọn ọmọ náà, àwọn kan wà tí wọn kò gbọ́ èdè ìyá wọn, tí wọn kò sì mọ bàbá wọn dáadáa. Àwọn ẹbí mélòó nílé ni ó mọ̀ nígbà náà pé iye tí ìwé ẹ̀rí yẹn náni nìyẹn?

Àwọn àgbà ní ilé ni àbọ̀simi oko. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni ó yẹ kí àwa ará ilé ṣe?

Èkíní, ẹ jẹ́ kí ìbéèrè ìlera ṣáájú ìbéèrè owó. Ẹ bi í pé: “Níbo ni o ń sùn? Ta ni ẹ jọ ń gbé? Kí ni o jẹ?” Kí ẹ sì dákẹ́ kí ó dáhùn. Bí gbogbo ìpè wa bá jẹ́ ti owó, yóò di ẹni tí ń sá fún ìpè ilé.

Èkejì, ẹ má fi náírà díwọ̀n owó rẹ̀. Ní oṣù April ọdún 2025, iye tó kéré jù tí òfin Ìlú Ọba ní kí wọ́n san fún àgbàlagbà di pọ́n-ùn 12.21 ní wákàtí kan. Bí a bá sọ ọ́ di náírà ní Lọ́kọ́ja, ó dà bí ọrọ̀. Ṣùgbọ́n pọ́n-ùn ni yóò fi san owó orí, owó ilé, owó iná tí ń mú yàrá móoru àti owó ọkọ̀. Ẹni tí ó ń fi ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn ránṣẹ́ lè ti fi nǹkan bí owó iṣẹ́ ọjọ́ kan ránṣẹ́, kí a tó yọ owó orí.

Ẹ̀kẹta, owó tí ó bá fi rán wa pé kí a fi ra ilẹ̀ tàbí kọ́lé, àmáànà ni. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ ya fọ́tò ibi tí iṣẹ́ dé gan-an. Àwọn kan ti bọ̀ wálé tí wọ́n bá igbó níbi tí wọ́n ti ń sanwó ilé fún ọdún mẹ́wàá. Ọlọ́hun yóò béèrè àmáànà lọ́wọ́ wa.

Ẹ̀kẹrin, kí a tó ta ilẹ̀ láti rán ọmọ lọ, ẹ jẹ́ kí a wádìí. Ìjọba Ìlú Ọba máa ń gbé orúkọ àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó ní àṣẹ láti gba àlejò síṣẹ́ síta fún gbogbo ayé rí, òfin wọn kò sì gbà kí ilé-iṣẹ́ máa ta ìwé ìgbàsíṣẹ́ fún ẹni tí yóò ṣiṣẹ́ fún un. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ṣèlérí iṣẹ́ fún ọmọbìnrin yín ní Ítálì, tí ó ní kí ó máa gba ọ̀nà Agadez bọ̀, ẹ lọ fi ẹjọ́ rẹ̀ sun NAPTIP, àjọ tí ìjọba wa dá sílẹ̀ ní ọdún 2003 láti gbógun ti àwọn tí ń fi ènìyàn ṣòwò.

Ẹ̀karùn-ún ni ti ẹni tí ó padà wálé lọ́wọ́ òfo. Nínú Sūratu Tawbah, āyah 60, níbi tí Ọlọ́hun ti ka irú ènìyàn mẹ́jọ tí sàká tọ́ sí, ajigbèsè wà níbẹ̀, arìnrìn-àjò náà sì wà níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n dá padà láti Líbíà, tí gbèsè ìrìn-àjò sì wà lọ́rùn rẹ̀, lè wọ inú wọn. Ẹ jẹ́ kí àwọn ìgbìmọ̀ sàká ní mọ́ṣáláṣí wa rántí irú wọn. Ọmọ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìjọ mọ́ṣáláṣí àdúgbò wọn ni ó dáwó ra ẹ̀rọ ìránṣọ fún un. Bàbá rẹ̀ ni ó sì kọ́kọ́ gbé aṣọ fún un kó rán. Ó gbé búbá àti ṣòkòtò náà wọ̀ lọ sí Jímọ́ọ̀, gbogbo ènìyàn sì rí i. Láti ọjọ́ náà ni ọmọ ti ń gbórí sókè ládùúgbò.

Ẹ̀yin ará mi, èmi kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má lọ. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹni tí ó bá lọ lè pe ilé lóru, kí ó sọ pé nǹkan kò dára, kí ó sì gbọ́ ohùn ẹni tí ó bí i, kì í ṣe ohùn ẹni tí ó yá a lówó. Kí Ọlọ́hun ṣọ́ àwọn ọmọ wa tí ó wà lókè òkun àti àwọn tí ó wà lójú ọ̀nà. Kí Ó kẹ́ àwọn tí aginjù àti òkun ti gbé lọ. Kí Ó fi iṣẹ́ tí ó ní àlùbáríkà sí ilẹ̀ wa, kí àjò má baà di ọ̀ranyàn fún àwọn ọmọ wa. Àmín. Wassalaamu alaykum.